Fáìlì tó wà lẹ́yìn ike ìpara yín

Kò sí ìpara, ọṣẹ ìwẹ̀, àtíkè tàbí lọ́fínńdà kan tí wọ́n ń tà lọ́nà tó bófin mu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yúróòpù tí kò ní fáìlì lẹ́yìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé iṣẹ́ mi ni. Òrí tó ń wá láti Ṣakí ni mò ń yọ́, mo ń pò ó mọ́ àdín àgbọn, mo ń rọ ọ́ sínú ike, mo sì ń tà á ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀. Kí òfin tó gbà mí láàyè láti ta ẹyọ ike kan, mo ní láti kó fáìlì yìí jọ: ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń pò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé tí onímọ̀ kan tó kọ́ nípa oró inú kẹ́míkà fọwọ́ sí pé ìpara náà kò ní ṣe ẹni tó ń lò ó ní jàǹbá, àti ẹ̀rí pé ohun tí mo kọ sára ike kì í ṣe irọ́.

Ìlà kan wà nínú fáìlì yẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìpara kò mọ̀ pé ó wà. Abala 11 nínú òfin ohun ìṣaralóge Yúróòpù, òfin 1223/2009, ló ní ká kọ ọ́: gbogbo àyẹ̀wò tí èmi, aṣojú mi, tàbí àwọn tó ń ta èròjà fún mi bá ti ṣe lára ẹranko nítorí ìpara yìí tàbí nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ṣe torí pé òfin orílẹ̀-èdè mìíràn ló béèrè fún un. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n gbé òfin náà wọnú tiwọn, ìlà yìí sì bá a wọlé. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àti èmi tí mò ń yọ́ òrí nínú ìkòkò, àti iléeṣẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì ní Paris àti New York.

Fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún 10 lẹ́yìn tí mo bá ti gbé èyí tó gbẹ̀yìn jáde fún títà. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọjà bá ní kí n gbé e wá, kò sí àwíjàre. Àmọ́ bí ẹ̀yin tí ẹ máa fi ìpara náà ra ara ọmọ yín bá béèrè, òfin kò sọ pé dandan ni kí n fi hàn yín. Abala 21 ló to ohun tí ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀: èròjà tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n èyí tó léwu nínú wọn, àti àìda tí ìpara náà bá ti fà fún ẹni tó lò ó. Kò dárúkọ ẹranko rárá.

Ojú ewé kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé iṣẹ́ náà á pọ̀ jù, pé owó rẹ̀ á ga jù, ẹ bi í pé ṣé fáìlì tirẹ̀ kò ní ojú ewé yẹn ni. Tí kò bá ní in, ó ti rú òfin. Tó bá ní in, a jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ tán, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwa tí ọ̀rọ̀ kàn la ò rí i kà.

Ọmọbìnrin kan yà sídìí tábìlì mi lọ́jọ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ àwọn ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín ọjà, inú mi dùn sí i. Ó mú ike kan, ó yí i po, ó wo ìdérí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ehoro dà?"

Mo mọ ehoro tó ń wí. Mo sọ fún un pé kò sí lára ike mi, pé mi ò tíì forúkọ sílẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ máa ń dán an wò lára ẹranko ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Òfin ò tiẹ̀ gbà kí n ṣe é níbí."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń sọ, Àǹtí. Àwọn tó ń ta nǹkan fún yín ńkọ́?"

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa bi gbogbo iléeṣẹ́ nìyẹn. Mo fa fóònù mi yọ, mo ṣí fáìlì, mo fi ojú ewé náà hàn án. Ìpara olómi mi ló wà níbẹ̀, èyí tó gbọ́dọ̀ ní kẹ́míkà tí kò ní jẹ́ kó bà jẹ́ nítorí omi tó wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé èmi kò dán ohunkóhun wò. Mo kọ ọ́ pé phenoxyethanol tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, pé àwọn mìíràn ti dán an wò lára eku àti ehoro tipẹ́tipẹ́, pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbé yẹ̀ wò lórí ìdá 1 nínú 100 tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú ìpara. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní òun ò rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún òun rí. Ìpara olómi náà ló rà. Òrí lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ìlà tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kò mú un.

Ehoro tó béèrè yẹn, èyí tó ń fò tí wọ́n ń pè ní Leaping Bunny, ọdún 1996 ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko l'Amẹ́ríkà àti Kánádà gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní ìlànà. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òun àti àwọn tó ń ta èròjà fún un kò gbọ́dọ̀ dán nǹkan wò lára ẹranko mọ́, wọ́n á sì gbà kí ẹlòmíràn wá yẹ ìwé wọn wò. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá mọ àwòrán yà lè ya ehoro tirẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí òfin tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ bíi "cruelty free" tàbí "not tested on animals", pé bó ṣe wu iléeṣẹ́ ló lè lò ó. Ó lè jẹ́ pé ìpara tó ti parí nìkan ni wọn ò dán wò, àmọ́ kí wọ́n ti dán èròjà inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Ní Yúróòpù, wọ́n mú ọ̀rọ̀ yẹn le. Abala 20 ní ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé òun kò dán an wò lára ẹranko kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ àfi tí òun àti àwọn tó ń ta èròjà fún un kò bá ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, tí wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá wọn ṣe é, tí wọn ò sì lo èròjà tí ẹlòmíràn dán wò lára ẹranko nítorí àtiṣe ohun ìṣaralóge tuntun. Òfin wà fún ẹni tó fẹ́ fọ́nnu, kò sí fún ẹni tó fẹ́ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó dákẹ́ yẹn gan-an ló yẹ ká bi.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú ehoro, ṣé a kì í jẹ ẹ́ nílé ni? À ń jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń fi ehoro ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ká pa ẹran jẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ ra nǹkan tó ti ibẹ̀ jáde yẹ kó mọ bó ṣe rí. Ní ọdún 1944, John Draize, onímọ̀ nípa oró tó ń bá FDA ṣiṣẹ́, tẹ ìlànà kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ehoro funfun ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fi í sínú àpótí tí orí rẹ̀ nìkan máa yọ síta, kó má bàa fi ẹsẹ̀ nu ojú. Wọ́n á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ síwájú, wọ́n á kán ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò sínú ojú kan, ìdá 1 nínú 10 mílílítà, wọ́n á rọra pa ojú náà dé díẹ̀ kó má bàa ṣàn jáde. Wọ́n á fi ojú kejì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè fi èyí wé tọ̀hún. Wọ́n á wò ó lẹ́yìn wákàtí 1, lẹ́yìn wákàtí 24, 48, 72. Nígbà míràn wọ́n á máa wò ó títí di ọjọ́ 21. Máàkì ni wọ́n ń fún ojú náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 110, bí iwájú ẹyinjú bá sì ṣe ṣú tó, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́, òun nìkan ló ni 80 nínú rẹ̀. Omijé ehoro kò pọ̀ tó ti ènìyàn, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kán síbẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fún un ní oògùn tó ń pa ìrora.

Bí ẹ bá ti ka ìyẹn tán tí ẹ sì ní ẹ ó ṣì ra nǹkan tí wọ́n dán wò bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹlòmíràn bá yín pinnu pé kò yẹ kí ẹ mọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kì í ṣe ìwà ìkà ló bí àyẹ̀wò yẹn. Ní ọdún 1933, aró ìpéǹpéjú kan wà lórí igbá l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Lash Lure. Kẹ́míkà p-phenylenediamine ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń fi sínú ọ̀pọ̀ aró irun dúdú títí dòní. Ó ba ojú àwọn obìnrin jẹ́, àwọn kan fọ́jú. Ìjọba kò ní agbára lábẹ́ òfin láti gbà á kúrò lọ́jà nígbà náà. Ọdún 1938 ni wọ́n tó ṣe òfin tó fún FDA láṣẹ lórí ohun ìṣaralóge. Àmọ́ òfin 1938 yẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lo ẹranko. Ohun tó sọ ni pé ọjà kò gbọ́dọ̀ léwu. Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ máa gbà mọ̀ pé kò léwu, ọwọ́ iléeṣẹ́ ni wọ́n fi í sí, ẹni tó ń rà á kò sì mọ èyí tí wọ́n yàn.

Henry Spira ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni ní New York. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1980, ìkéde tó gba odidi ojú ewé kan jáde nínú New York Times, ó béèrè pé: ehoro mélòó ni Revlon, iléeṣẹ́ ohun ìṣaralóge, ń fọ́ lójú nítorí ẹwà? Kí ọdún yẹn tó parí, Revlon ti ṣèlérí 750,000 dọ́là fún Yunifásítì Rockefeller kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè máa gbà dán nǹkan wò. Ní 1981, owó tí àwọn iléeṣẹ́ ohun ìṣaralóge dá jọ ló bẹ̀rẹ̀ ibùdó kan ní Yunifásítì Johns Hopkins fún iṣẹ́ kan náà. Ọdún 36 ni àyẹ̀wò Draize ti wà kí ìkéde yẹn tó jáde. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀, ìjọba mọ̀. Oníbàárà nìkan ni kò mọ̀, ọjọ́ tó sì mọ̀ ni owó jáde.

Ẹlòmíràn á ní gbogbo ìyẹn ti di ìtàn. Lóòótọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró fún ohun ìṣaralóge ní 1998. Yúróòpù fòfin de dídán ìpara tó ti parí wò lára ẹranko ní 2004, ó de ti èròjà ní 2009, nígbà tó sì di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2013, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí wọ́n bá dán wò níbòmíràn nítorí òfin náà. Íńdíà ti ṣe tirẹ̀, Kánádà ti ṣe é ní 2023, Brazil fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ẹ wo China. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpara tí wọ́n bá fẹ́ kó wọ ibẹ̀ láti òkè òkun, dandan ni kí wọ́n dán an wò lára ẹranko kó tó dé orí igbá, iléeṣẹ́ tó ni ín ló sì ń san owó rẹ̀. Ní 2012, PETA, ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà ẹranko, yọ Avon, Mary Kay àti Estée Lauder kúrò nínú ìwé àwọn iléeṣẹ́ tí kì í dán nǹkan wò lára ẹranko, nígbà tó hàn pé wọ́n ti ń san irú owó yẹn. Ẹni tó san owó fún alápatà kò lè ní òun ò mọ̀ nípa ẹran. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń fi ìwé yẹn ra ọjà látọjọ́ pípẹ́ wá kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, China ti gbà kí ọ̀pọ̀ ìpara lásán wọlé láìsí àyẹ̀wò náà bí ìwé ẹ̀rí wọn bá pé. Aró irun, ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn àti ìpara tó ń bó ara kò sí nínú àǹfààní yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ mọ̀ bó ṣe ń tà tó láàárín àwa náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Yúróòpù fúnra rẹ̀. Òfin mìíràn wà níbẹ̀ fún gbogbo kẹ́míkà, REACH ni wọ́n ń pè é, ó sì ń wo òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ kan kẹ́míkà náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Symrise, iléeṣẹ́ kan ní Jámánì, ń ṣe èròjà méjì, homosalate àti 2-ethylhexyl salicylate, fún ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. ECHA, àjọ tó ń rí sí kẹ́míkà, ní kí wọ́n lọ dán wọn wò lára ẹranko. Symrise pẹjọ́: ó ní òfin ohun ìṣaralóge ti kọ irú àyẹ̀wò yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ECHA láre. Wọ́n ní òfin tó kọ̀ ọ́ nítorí ẹni tó ń pa ìpara kò kọ̀ ọ́ nítorí òṣìṣẹ́ tó ń ṣe èròjà rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí oníbàárà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbọ́ pé Yúróòpù ti fòfin dè é. Ó ra ìpara oòrùn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe é, tó tiẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ kó má bàa ṣe é, kò ní ibi tó lè kọ ọ́ sí kí gbogbo ayé kà á pé òfin ló mú òun. Bí ojú ewé yẹn bá ṣí sílẹ̀, á gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é tọkàntọkàn láìsí ẹni tó fi ipá mú un náà á hàn.

Níbi tí mò ń gbé yìí ńkọ́? Láti 2019, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan níwèé àṣẹ láti dán èròjà ohun ìṣaralóge wò lára ẹranko nítorí òfin kẹ́míkà yẹn kan náà, wọn ò sì kéde rẹ̀ fáráàlú. Ìgbà tí Cruelty Free International, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ tú síta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní ìjọba kò rú òfin. Lóṣù yẹn kan náà, ìjọba ní òun ò ní fúnni níwèé àṣẹ tuntun mọ́ fún kẹ́míkà tó jẹ́ pé inú ohun ìṣaralóge nìkan ni wọ́n ti ń lò ó. Èròjà tó bá tún wà nínú ọ̀dà ilé tàbí ọṣẹ ìfọṣọ kò sí nínú ìlérí yẹn, bẹ́ẹ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìpara. Ọdún mẹ́rin ni àwa tí à ń ṣe ìpara, tí à ń tà á, tí à ń rà á, fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti parí láti 1998. Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo kà á, inú ṣì ń bí mi.

"Ṣé kí wọ́n wá kọ ọ́ sára oògùn pẹ̀lú?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bi mí bẹ́ẹ̀, ó rò pé òun ti mú mi. Wọ́n ti ń kọ ọ́. Màmá wa ní Abẹ́òkúta ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú páálí rẹ̀ gùn bí apá mi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì nígbà tí mo lọ kí wọn, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ wínníwínní inú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aláboyún, ohun tí wọ́n rí lára eku àti ehoro wà níbẹ̀ ketekete. L'Amẹ́ríkà, abala 13 nínú ìwé tó ń bá oògùn jáde ni wọ́n ń kọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹranko sí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní 5.3 nínú ìwé tí wọ́n ṣe fún dókítà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá gbọ́ gbogbo àlàyé mi, wọ́n ní kí n rọra ká ìwé náà padà kó má bàa ya, wọ́n sì da oògùn wọn mu. Oògùn tó ń dá ẹ̀mí sí ń sọ tirẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Mi ò rí ìdí tí lípísítíìkì á fi ní àṣírí jù ú lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ ní àwíjàre kan tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní èròjà tí wọn kò tíì dán wò lára ẹranko rí kò pọ̀ láyé yìí, pé gbogbo ike á kàn máa gbé gbólóhùn kan náà, oníbàárà ò sì ní rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán ni wọ́n máa kọ, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bẹ̀bẹ̀ fún òǹtẹ̀ kan lára ike. Ẹ sọ èròjà tó jẹ́, ẹ sọ ẹni tó san owó àyẹ̀wò náà, ẹ sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ sọ òfin tó béèrè fún un bí òfin kan bá béèrè. Phenoxyethanol tí wọ́n dán wò kí n tó dáyé àti èròjà tí wọ́n dán wò lọ́dún tó kọjá kí ìkunra tuntun lè jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, oníbàárà sì ní ọpọlọ tó máa fi mọ ìyàtọ̀. Lára ike mi oní gíráàmù 50, orúkọ èròjà, nọ́ńbà ìdì, àmì ike tó ṣí sílẹ̀ tó ń sọ oṣù tí ẹ lè fi lò ó, àti àdírẹ́sì mi ti gba ibi tó wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n fi àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà síwájú ike. Ẹni tó bá wà ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Balógun, tó mú ìpara tó ti Yúróòpù wá lọ́wọ́, á lè kà á lórí fóònù tirẹ̀ kó tó dúnàá dúrà.

Àwíjàre kejì ni wọn kì í sọ síta, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà nínú wọn: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rí àwọn obìnrin wa tí aró irun ti jó ní awọ orí, tí ojú wọn wú débi pé wọn ò lè là á. Bí ẹ bá sọ fún irú wọn pé àyẹ̀wò báyìí ni wọ́n ṣe kí èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀, àwọn kan á rà á, àwọn kan á ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n á fi irun funfun wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ tó ti rí ọ̀nà mìíràn á jèrè. Awọ ara ènìyàn tí wọ́n gbìn nínú yàrá àyẹ̀wò ti wà. L'Oréal ń ṣe é ní Lyon, EpiSkin ni wọ́n ń pè é. Láti 2009, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń ṣe ìlànà fún àyẹ̀wò kẹ́míkà, ti fọwọ́ sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹyinjú màlúù ṣe, èyí tí wọ́n gbà nílé ìpẹran lára màlúù tí wọ́n ti pa fún jíjẹ. Ẹni tó bá ń lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò ní fẹ́ kí a mọ̀?

Ti pé á ni àwa oníṣẹ́ kékeré lára, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́tà ni mò ń kọ sí àwọn tó ń ta èròjà fún mi, èsì wọn sì máa ń wà ní sẹpẹ́: "A kì í dán ọjà wa wò lára ẹranko, àyàfi níbi tí òfin bá ti béèrè fún un." Mo máa ń dá a padà pé òfin wo, ní orílẹ̀-èdè wo, lọ́dún wo? Àwọn kan á fèsì, wọ́n á ṣàlàyé yékéyéké, irú wọn ni mo ń bá ṣòwò títí dòní. Àwọn kan á tún fi lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ láìyí ohunkóhun padà. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ irú wọn.

Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kún Abala 21, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yúróòpù: pé ohun tí Abala 11 ní kí a kọ nípa ẹranko sínú fáìlì, kí ará ìlú rí i kà láìsanwó. Mo ti kọ̀wé sí aṣojú àdúgbò wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí náà lè kọ̀wé sí tiyín, ẹ lè kọ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìpara tí ẹ̀ ń lò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn: èròjà wo, ta ló sanwó, ọdún wo, òfin wo. Ojú ewé tèmi ti wà lórí ìkànnì mi fún ìpara kọ̀ọ̀kan. Ti òróró olóòórùn dídùn tó wà nínú ìpara ọmọdé, ẹni tó ń tà á fún mi kò tíì fèsì. Mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i.